Ìràwọ̀ Èjìká Òsì

Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti gbé Sájẹ́ńtì Rèbékà Ọmọ́yẹlé ga sí ipò Ìnsípẹ́tọ̀, inú ọkọ̀ ojú omi àgọ́ ọlọ́pàá ló wà, ó ń nu ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó mú ìròyìn náà wá kò tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Awakọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Abereke ni. Ó kàn dín eré kù, ó ké sí i pé dípíò ní kó wá rí òun ní Ìgbòkòdá, pé oríire ti wọlé, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Rèbékà dúró pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Àwọn ẹyẹ òkun nìkan ló wà níbẹ̀, wọn kò sì fi tirẹ̀ ṣe.

Orí òpó ni wọ́n kọ́ àgọ́ náà sí, níbi tí omi ọ̀sà ti ń yà sójú òkun. Àwọn ọlọ́pàá kékeré tó yẹ kí wọ́n máa bá a gbé ibẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń wá ìdí lọ sílé: òní ìyàwó bímọ, ọ̀la eyín ń dun ni. Rèbékà kì í bá wọn jà. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá nílé tó ń pè é kò lè gbádùn ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ a máa rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ wọn títí wọn yóò fi kan ojú àgọ́. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti dákẹ́, wọn yóò ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Sájẹ́ńtì.” Bí wọ́n bá ti kọjá tán, ẹ̀rín náà á tún bẹ̀rẹ̀. Orúkọ Rèbékà wà láyà rẹ̀ gbangba, nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlà mẹ́ta sì wà lápá rẹ̀. Ìlà mẹ́ta yẹn nìkan ni gbogbo ayé ń kà.

Ó lọ sí Ìgbòkòdá. Dípíò Olúrẹ̀mí, tí í ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá ẹkùn náà, bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì ní kó jókòó.

“Ọ̀gá láti Àkúrẹ́ ló ń bọ̀ wá fi ìràwọ̀ sí yín léjìká,” ó ní. “Ọ̀tún ni tiwọn. Ta ni yóò fi sí tòsì fún ọ?”

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá a fi àmì ipò tuntun sí èjìká kan, ẹni tìrẹ a fi sí èkejì: ọkọ, ìyàwó, ìyá, ọmọ. Ìjọba ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́, ilé náà ń sọ pé àwọn mọ̀ ọ́. Rèbékà wo ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ epo lọ sí Wàrí, ó sì ti ní ìdílé mìíràn níbẹ̀. Ọmọ kan tí wọ́n bí kò dúró. Ìyá rẹ̀ ti lọ síbi tí àgbà ń rè.

“Bàbá mi ni, sà,” ó wí. Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀ pé òun ló sọ ọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá a lẹ́bi pé ó ṣèlérí ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tí bàbá náà jẹ́. Mósè Ọmọ́yẹlé ni aránṣọ ìlú Ìsọ̀kan, ìlú onígbàgbọ́ kan tó wà létí òkun. Àwọn tó tẹ ìlú náà dó kò pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọ̀n jẹ́ ti gbogbo wọn, ọkọ̀ jẹ́ ti gbogbo wọn, ìkòkò kan ni wọ́n ti ń jẹun. Aṣọ pàápàá, ilé ìránṣọ kan ló ń ti jáde, láti ara ìgàn kan náà. Bí Mósè bá rán ti alàgbà, tó sì rán ti ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tí í ṣe ti ta. Ẹnikẹ́ni kì í fi ohun tí ẹlòmíràn kò ní sára. Kò sí aago ọwọ́, kò sí yẹtí, kò sí fìlà olóyè.

Lẹ́yìn náà ni àwọn elépo dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ráhùn pé epo wọn ló ba omi jẹ́, ẹja ń kú. Ti Mósè yàtọ̀. Ó ní káàdì ni. Ilé-iṣẹ́ epo gba àwọn kan ṣiṣẹ́, wọ́n sì fi káàdì kọ́ wọn lọ́rùn, àwòrán ojú wọn lára rẹ̀. Ẹni tó ní káàdì a wọlé lẹ́nu géètì, ẹni tí kò ní a dúró sínú oòrùn. Kò pẹ́ tí àwọn tí wọ́n jọ ń fa àwọ̀n kan náà fi dẹ́kun àti máa jọ jẹun. Àwọn kan tilẹ̀ ń gbé káàdì kọ́rùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọ̀n àjùmọ̀ní jẹrà sórí ilẹ̀, kálukú ra tirẹ̀. “Epo a máa ṣàn lọ,” Mósè a máa wí fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. “Káàdì kì í ṣàn lọ.” Nígbà tó yá, àwọn tó fẹ́ gbọ́ kò tó nǹkan mọ́.

Àárín àkókò yẹn gan-an ni Rèbékà lọ wọṣẹ́ ọlọ́pàá. Bàbá rẹ̀ kò gbé e ṣépè, kò sì súre fún un. Ohun kan ṣoṣo tó bi í ni pé, “Aṣọ tí mo rán fún ọ, ṣé ó há ọ lápá ni?” Láti ìgbà náà, bó bá ń lọ kí i, ó ní ibi ìyíkọ̀rọ̀ omi kan ṣáájú ìlú tí yóò ti pa ẹ́ńjìnnì, tí yóò bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí yóò dì í sínú ọ̀rá, tí yóò wọ bùbá. Bàbá rẹ̀ kò béèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá. Òun náà kò sọ. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara wọn fún ọdún tó pọ̀, ìyẹn bí a bá lè pe èyí ní ìfẹ́, a ó sì pè é bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí ó ní láti lọ béèrè. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, níbi tó máa ń wà. Òkun ti gbé àwọn ilé iwájú lọ, ilé ìránṣọ náà ló wá kọjú sí ìgbì báyìí. Ẹ̀rọ tó pọ̀ tẹ́lẹ̀ ku ẹyọ kan. Mósè ń rán aṣọ funfun kan tí Rèbékà mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní kó rán an.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.” Ó kúnlẹ̀.

“Ọma mi, káàbọ̀. Ṣé omi dákẹ́?”

“Ó dákẹ́, Bàbá.” Ó wá sọ ọ́, ó sáré sọ ọ́ kí àyà rẹ̀ má baà já. Ó sọ ti ipò, ó sọ ti ọ̀gá láti Àkúrẹ́, ó sọ ti èjìká òsì.

“Kí ni ghan fẹ́ fi sí ọ léjìká, àwọn ọ̀gá rẹ?”

“Ìràwọ̀ ni, Bàbá.”

“Ìràwọ̀.” Mósè fi eyín gé òwú. “Ti ojú ọ̀run kò tó ghan mọ́.”

Rèbékà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jọ pé bàbá ń ṣàwàdà. “Bàbá, ṣebí ìka pàápàá kò dọ́gba.”

“Ìka kò dọ́gba, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èwo nínú ghan ló kọ ipò sára?”

Rèbékà fi ọwọ́ pa aṣọ orí àwọn orúnkún rẹ̀. “Mi ò ní kí ẹ gbà pé ó dára, Bàbá. Mo ní kí ẹ wá dúró tì mí ni. Mi ò ní ẹlòmíràn.”

Ẹ̀rọ dúró. Mósè kọjú sí òkun, ó ní, “Mo ti gbọ́.”

Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà wa yóò mọ̀ pé “mo ti gbọ́” kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Mósè kì í purọ́, nítorí náà kì í tètè ṣèlérí. Àmọ́ ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ kì í wo ẹnu ife. Rèbékà gbé “mo ti gbọ́” náà lọ sílé, ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá ọjọ́, ó rán awakọ̀ ojú omi sí bàbá, ó ní kó mú un jókòó síwájú níbi tí omi kò ti ní ta sí i lára.

Ọjọ́ pé. Pápá kan létí omi ní Ìgbòkòdá ni wọ́n lò, nítòsí èbúté, níbi tí wọ́n ń já àwọn àgbá epo sí. Wọ́n ta àtíbàbà. Àwọn tí wọ́n jọ gba ipò tuntun ti mú ẹni tiwọn wá: ìyàwó tó di gèlè tó ga, ìyá àgbà tí wọ́n gbé sórí àga, ọkọ kan tí kò yé sọ fún gbogbo ènìyàn pé ìyàwó òun nìyẹn. Rèbékà ti lọ aṣọ rẹ̀ títí ó fi le. Ó ti fi òróró dán ìgbànú rẹ̀. Ó dúró sí ìlà, ó kọjú síwájú bí òfin ti wí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára èbúté. Ọkọ̀ kan gúnlẹ̀, ẹja gbígbẹ ló kó. Ọkọ̀ kejì gúnlẹ̀, èrò sọ̀, kò sí nínú wọn.

Àrìnpé, obìnrin tó ń se oúnjẹ tà nínú bárékè, rọra wá síwájú rẹ̀ bí ẹni ń gbé omi fún un mu. Òun nìkan ni kì í pè é ní Sájẹ́ńtì ní gbogbo Ìgbòkòdá.

“Àǹtí Rèbékà, ẹ jẹ́ kí n bá yín dúró,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Ọwọ́ lásán ni wọ́n fẹ́. Wọn ò béèrè ẹ̀jẹ̀.”

“O ṣé, Àrìnpé. Ó ń bọ̀.”

“Bí kò bá wá ńkọ́?”

“Ó ń bọ̀.”

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó rìn síwájú, ó kí ọ̀gá láti Àkúrẹ́, ọ̀gá náà sì fi ìràwọ̀ kan sí i léjìká ọ̀tún. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá wo ẹ̀gbẹ́ òsì, kò rí ẹnì kan.

“Ẹni tìrẹ dà?”

“Ó wà lójú omi, sà.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì na ìràwọ̀ kejì sí èjìká òsì láti bá a fi sí i. Ó ṣàánú rẹ̀ ni. Rèbékà kò mọ ìgbà tí ọwọ́ tirẹ̀ gòkè tó bo èjìká náà. Ọlọ́pàá kì í gbé ọwọ́ dí ọ̀gá lọ́nà, ẹni tó ti pẹ́ bíi tirẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Ẹ má bínú, sà,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kó dúró.” Ariwo kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ gba abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀gá wò ó lójú, ó ju ìràwọ̀ náà sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì pe ẹni tó kàn. Nínú fọ́tò tí wọ́n yà lọ́jọ́ náà, Rèbékà nìkan ni èjìká rẹ̀ kan ṣófo.

“Àyẹ̀wò aṣọ wà ní àárọ̀ ọ̀la,” Dípíò Olúrẹ̀mí sọ fún un nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Kò fi ohùn líle sọ ọ́. “Mi ò fẹ́ Ìnsípẹ́tọ̀ alápá kan, o gbọ́?”

Ó gbọ́. Ó wọ ọkọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó kọjú rẹ̀ sí Ìsọ̀kan. Inú ń bí i, ó sì ń dùn ún, kò mọ èyí tó pọ̀ jù. Nígbà tó dé ibi ìyíkọ̀rọ̀ omi, ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bọ́tìnnì aṣọ bó ti máa ń ṣe. Ó gbé e kúrò níbẹ̀. Ó fi gbogbo aṣọ ọlọ́pàá náà gúnlẹ̀ sí ìlú tí wọ́n ti bí i, bàtà rẹ̀ ń ró lórí afárá pákó. Àwọn obìnrin tó ń tún àwọ̀n ṣe dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ ọmọdé, dìde ó sì ní, “Ẹ káàbọ̀ sà... mà.” Kò dá a mọ̀. Rèbékà dá a lóhùn, kò dárúkọ ara rẹ̀.

Mósè gbé ojú sókè láti ìdí ẹ̀rọ. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rí ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ilé rẹ̀. Rèbékà kúnlẹ̀ pẹ̀lú bàtà, ó fi ìràwọ̀ náà sórí tábìlì, sáàárín àjákù aṣọ.

“Ẹ bá mi fi sí i, Bàbá. Bí ẹ kò bá sì fẹ́, ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́nu yín, kí n lọ.”

Mósè na ọwọ́ sí i. “Bọ́ aṣọ náà fún mi.”

Ó bọ́ ọ, ó ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Mósè tẹ́ aṣọ náà sórí itan. Aránṣọ ni, kò lè rí aṣọ kó má yẹ̀ ẹ́ wò: ó fa ojú ìrán, ó wo abẹ́ kọ́là, ó ní ẹni tó rán an ń kánjú. Ó fi ìka tọ àwọn àmì ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró ní àyà, lórí orúkọ.

“Kí ni ghan kọ síbí?”

“Ọmọ́yẹlé ni, Bàbá.”

“Orúkọ mi?”

“Orúkọ yín ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọṣẹ́.”

Mósè wọ òwú sínú abẹ́rẹ́. Ó wá yí aṣọ náà padà, ó mú inú rẹ̀ síta, ó gbé ìràwọ̀ sí abẹ́ èjìká òsì, níbi tí yóò ti kan awọ ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọn. Kò fi kánjú rán an. Irú kókó tí wọ́n fi ń ta àwọ̀n òkun ló ń ta sí i.

“Bàbá, inú kọ́ ni wọ́n ń fi í sí.”

“Mo mọ̀.”

“Kò sí ẹni tó máa rí i níbẹ̀.”

“Mo mọ̀, ọma mi. Bí mo bá fi í síta, àwọn tó ń wò ọ́ ni mo fi í sí fún. Èyí, ìwọ ni mo fi í sí fún.” Ó tún ta kókó kan. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tó kù, tí kò gbé ojú sókè. “Mo wá lónìí.”

Rèbékà rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

“Mo wọ ọkọ̀. Mo gúnlẹ̀ kí ghan tó bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn àgbá epo létí èbúté. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná. Mo sì wò, kò sí ẹni tí kò ní nǹkan lára nínú gbogbo ghan, ti orí ń dán, ti àyà ń dán, ti èjìká ń dán. Èmi nìkan ni mo wọ aṣọ lásán. Gbogbo ayé mi ni mo fi wọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ kò tì mí rí. Ó tì mí lónìí. Mo ní bí mo bá bọ́ sáàárín ghan, ta ni ghan máa ní mo jẹ́?”

“Wọn ìbá ní bàbá mi ni.”

“Mi ò rántí ìyẹn nígbà náà.”

“Ẹ rí mi?”

“Mo rí ọ. Mo rí i bí o ṣe ń wo omi. Mo rí ọwọ́ tí o gbé bo èjìká.” Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. “Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé mi, ọma mi.”

Inú bí Rèbékà débi pé ó fẹ́ dìde kó fi aṣọ náà sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń wá lójú omi wà lẹ́yìn rẹ̀ nítòsí, ó sì jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo orí bàbá rẹ̀ tó tẹ̀ sórí abẹ́rẹ́, ó wo ilé ìránṣọ tó ṣófo, ó wo aṣọ funfun tí kò sẹ́ni tó ní kó rán. Ó wá rí i pé bí òun ṣe dá wà lójú omi níbẹ̀ yẹn ni bàbá náà dá wà níbí, pé ilẹ̀kùn tó yà wọ́n kò ju aṣọ kan lọ, kò sì sí ẹni tó mọ bó ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá nínú àwọn méjèèjì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mósè gé òwú, ó gbọn aṣọ náà, ó sì bá a wọ̀ ọ́ bó ti máa ń wọ aṣọ fún un nígbà tó wà ní kékeré, ọwọ́ kan, ọwọ́ kejì. Ó bá a ti bọ́tìnnì. Kò kí i kú oríire.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Dípíò Olúrẹ̀mí ń yẹ aṣọ wò lórí ìlà. Nígbà tó dé iwájú Rèbékà, ó mí kanlẹ̀. Èjìká ọ̀tún ń dán, òsì ṣófo síbẹ̀. Kò bá a wí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó pè é wọ ọ́fíìsì, ó tú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìràwọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ ti lò rí nígbà tó wà nípò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sí i. Ìràwọ̀ náà kò tètè wọlé. Nǹkan líle kan wà lábẹ́ aṣọ tí kò jẹ́ kí ìkọ́ rẹ̀ ráyè. Dípíò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidi, ìràwọ̀ abẹ́ náà sì gún Rèbékà lára.

“Ó dùn ọ́?”

“Rárá, sà.”

Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó bá a tún èjìká náà ṣe kó dúró déédéé. “Bàbá rẹ kò wá títí, àbí?”

“Ó wá, sà,” Rèbékà wí. “Èmi ni mi ò rí i.”